A Ní Kí Ìyá Wa Ó Rù

Àwa mẹ́ta tí a fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Àkọ́bí wa jẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́, èkejì wa ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kútọnu, àbíkẹ́yìn wa sì jókòó ti ìsọ̀ aṣọ tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún un ní ọjà Ouando. Ohun tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí a máa ń sọ níwájú àlejò. Ó pẹ́ kí a tó gbà láàárín ara wa pé kí a kọ ọ́.

Ìyá wa kú ní ọdún 2015. Ọmọ ọdún 58 ni. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ ṣì wà láàyè ní Kétu nígbà náà. Ìwé ìbí tí ìjọba ṣe fún ìyá àgbà yìí sọ pé a bí i « vers 1932 », nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni, ó ṣì ń rìn lọ sí oko ẹ̀gúsí rẹ̀ láìfi ọ̀pá tilẹ̀. Nígbà tí a gbé òkú ọmọ rẹ̀ dé, àwọn àgbà ilé mú un lọ sínú ìyẹ̀wù, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, nítorí pé ojú òbí kì í rí sàréè ọmọ. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà. Àwọn baba wa ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti lè fi ẹnu wa pa òwe yẹn mọ́.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ilé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn kan nínú ẹbí sọ pé ìyá wa ti ní ọmọ-ọmọ márùn-ún, pé ó ti kọ́ ilé, pé kí a ra aṣọ ẹbí, kí a pe onílù, kí a ṣe é ní òkú àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa àgbà sì dìde, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìyá olóògbé bá wà láyé, òkú ọ̀fọ̀ ni, ilù kò gbọdọ̀ dún. Òun ni a tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ ni pé, láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, irú àríyànjiyàn yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ilé mẹ́ta mìíràn tí a mọ̀ ní àdúgbò wa: oníṣòwò obìnrin kan, ọ̀gá awakọ̀ kan, olùkọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìfẹ̀yìntì. Gbogbo wọn kò tíì pé ọmọ 65 ọdún. Gbogbo wọn ni ó sanra, gbogbo wọn ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, a sì ti fi ìsanra wọn kí wọn kú oríire títí ọjọ́ ikú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 2009. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ìyá wa lóru, ó ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan. Olùtọ́jú tí ó gbà wá gbé e lé orí ìwọ̀n: kílò 94, ó wọn gíga rẹ̀: mítà 1,60. Ó wo ìwé, ó wo ìyá wa, ó sì fi èdè Faransé sọ pé: « Madame, il faut maigrir. » Ìyá wa kò gbọ́ Faransé ju ti ọjà lọ. Ó yíjú sí wa. Àkọ́bí wa, olùkọ́ tí ó ti ń túmọ̀ ìwé fún ẹgbẹ́ wa láti ìgbà pípẹ́, dáhùn láìronú pé: «Ìyá, wọ́n ní kí ẹ rù.»

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí a sọ. *Maigrir* nínú ìwé atúmọ̀ èdè, rírù ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rù ní ilẹ̀ wa? Ẹni tí àìsàn ń jẹ ni ó ń rù. Ẹni tí ebi ń pa, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú, ẹni tí ayé ń bá jà ni ó ń rù. Bí a bá fẹ́ bú ènìyàn, a ó ní ó rù kan egungun. Ìyá wa wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì bi wá léèrè pé: «Ẹ̀yin ọmọ tí mo bí, ẹ ní kí n rù?» Ó kó gèlè rẹ̀, ó bọ́ sí ìta. Kò padà sí ibẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́ta.

Àwa kò dá a lẹ́bi. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ tí wọ́n ń kí i ní ọjà pé «ẹ ti sanra o, ara yín ń dán, ayé ń yẹ yín», tí òun náà sì ń fi ayọ̀ dáhùn. Ìyá tí ó sanra ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú. Oníṣòwò tí ó sanra ni ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà. Ní àwọn ọdún 1990 sí 2000, nǹkan mìíràn tún kún un: àìsàn sídà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kú ní àdúgbò wa gbẹ kí wọn tó kú, ó sì di pé ẹnikẹ́ni tí kílò mẹ́wàá bá bọ́ lára rẹ̀, ẹnu aráyé ti sin ín kí ikú tó dé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa ní ọdún 2012 nìyẹn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a kò tọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀. Ó rù láìgbìyànjú. Obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ dẹ́kun láti bá a mu omi nínú ife kan náà. Ìyá wa ṣàkíyèsí. Dípò kí ó lọ gba oògùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ara rẹ̀ lè padà, kí ẹnu àwọn ènìyàn lè pa mọ́. A rí i. Inú wa tilẹ̀ dùn pé ó ń jẹun.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a tó jókòó kà nípa ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti yẹ, ní èdè méjèèjì àti ní òmíràn, ohun tí a kà sì yí èrò wa padà nínú nǹkan púpọ̀.

Ìṣirò tí olùtọ́jú náà ṣe kò le. Onímọ̀ ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tí ń jẹ́ Adolphe Quetelet ni ó gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn: a ó mú ìwọ̀n kílò ènìyàn, a ó fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, a ó sì tún fi gíga náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Bí ohun tí ó jáde bá tó 30, àwọn oníṣègùn a máa pè é ní *obésité*. Fún ẹni tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1,60, bí kílò 77 ni ààlà náà. Ti ìyá wa ń lọ sí 37. Quetelet kì í ṣe oníṣègùn. Ènìyàn lápapọ̀ ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe aláìsàn kan, ìṣirò rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti iṣan. Alágbẹ̀dẹ tí apá rẹ̀ le bí òkúta lè kọjá ààlà náà láìṣe aláìsàn. Síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ó ń sọ òtítọ́ tí ó tó láti kọbi ara sí. Ní ọdún 2009 gan-an, ọdún tí ìyá wa fi ìbínú kúrò ní ilé ìwòsàn, ìwé ìròyìn *The Lancet* tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde tí ó kó ìwádìí 57 pọ̀, tí ó sì tẹ̀ lé nǹkan bí ènìyàn 900 000. Wọ́n rí i pé ẹni tí ìṣirò rẹ̀ wà láàárín 30 sí 35 ń pàdánù ọdún 2 sí 4 nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín 40 sí 45 ń pàdánù ọdún 8 sí 10, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí sìgá ń gbà lọ́wọ́ amusìgá. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rá tí ó kó sí ikùn kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń dí insulin lọ́wọ́, ṣúgà ń kún inú ẹ̀jẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ ń le, ẹ̀jẹ̀ ń ru, títí ọ̀kan nínú àwọn òpó wọ̀nyẹn yóò fi dí tàbí bẹ́ nínú ọpọlọ tàbí nínú ọkàn.

Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ilé kan ni. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé lórí ní oṣù kẹta ọdún 2005. S. Jay Olshansky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé, bí ìsanrajù ṣe ń pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ìran yẹn jẹ́ ìran àkọ́kọ́ ní ayé òde òní tí ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò kúrú ju ti àwọn òbí rẹ̀ lọ. Nínú ìwé ìròyìn kan náà, ní ọjọ́ kan náà, Samuel Preston dáhùn pé ẹ má ṣe kánjú, pé àwọn ohun tí ń mú ẹ̀mí gùn ṣì lágbára ju èyí lọ. Àwa fẹ́ràn irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹni tí ó ń ta kò ọ́ ti ń jókòó tì ọ́ ní ojú ewé kejì.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? *Espérance de vie* àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí àwa ń pè ní ìrètí ìwàláàyè, dé ọdún 78,9 ní 2014, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú yóò ní Olshansky ni ó borí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oògùn olóró ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fà á ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Covid dé, tí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé 76,4 ní 2021, kí ó tó tún gbéra sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kò sùn ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn tí Covid kọ lù jù nínú àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà, àwọn tí ó sanra wà ní iwájú nínú wọn. Ní ọdún 2018, Preston tí ó ti ṣe iyèméjì tẹ́lẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣe ìṣirò, ó sì rí i pé ìsanra tí ó ń pọ̀ sí i ti gé nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kúrò nínú ọdún tí ẹni ogójì ọdún ní Amẹ́ríkà lè retí. Oṣù mọ́kànlá lè dà bí ohun kékeré. Ẹ rántí pé àgbèrò ni. Ẹni tí kò sanra kò pàdánù nǹkan kan, nítorí náà ẹlòmíràn ni ó san ti ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka èyí, èkejì wa ní: «Ti àwọn olówó nìyẹn. Ní Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́, ṣé ìrètí tiwa kò ń gòkè?» Ó ń gòkè lóòótọ́. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, kò tó ọdún 40. Lónìí ó wà ní nǹkan bí 60. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú iye yìí. Ìyá àgbà wa ní Kétu bí ọmọ mẹ́jọ. Mẹ́rin kú kí wọn tó pé ọmọ ọdún márùn-ún: ibà, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, àti ọ̀kan tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣe é. A kò gbọdọ̀ fi ojú arò wo ayé àtijọ́ bí ẹni pé ìlera ni ó kún inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi kànga tí ó mọ́ àti àpò ẹ̀fọn ni ó gbé iye náà sókè, nítorí pé àwọn ọmọdé kò kú bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì ní ayé ìyá àgbà: ọ̀kan kú ní ọmọ ọdún 1, èkejì kú ní ẹni ọdún 81. Bí a bá pín in sí méjì, ọdún 41 ni. Ní ìran tí ó tẹ̀ lé e, àjẹsára gba ọmọ ọwọ́ náà là, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru dé, àwọn méjèèjì sì kú ní ẹni ọdún 58. Ìwọ̀n wọn jẹ́ 58. Ó ti fi ọdún 17 gòkè! Ìjọba lè fi í yangàn, àwọn àjọ àgbáyé lè pàtẹ́wọ́, ó sì tọ́ kí wọn ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ kan wà láàyè tí ì bá ti kú. Ṣùgbọ́n kò sí arúgbó kankan nínú ilé mọ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ ìtàn bí a ṣe kúrò ní Ifẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ oríkì ọmọ tuntun. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn ju kí iye náà lọ sílẹ̀ lọ: kí ó máa gòkè, kí a má sì rí àdánù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀lẹ àti wọ̀bìà ni ó fa ìsanra. A kọ̀ ọ́. Ìyá wa kò ṣe ọ̀lẹ rí. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di méje alẹ́ ni ó fi ń jókòó ti ọjà rẹ̀. Jíjókòó náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ń rìn lọ sí oko, ó ń jẹ àkàsà, ẹ̀wà, iyán ní àkókò iṣu, ewédú àti gbọ̀ọ̀rọ̀; ẹran di ọjọ́ ọdún. Ìyá wa ń gun zémíjàn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ìsọ̀. Ní òwúrọ̀, yovodoko tí a fi òróró dín pẹ̀lú ṣúgà. Ní ọ̀sán, ìrẹsì. Bí oníbàárà bá ra aṣọ púpọ̀, a ó ṣí ìgò *sucrerie* fún un, ìyá wa yóò sì mu tirẹ̀ kí oníbàárà má bàa dá mu. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté nínú wa ń rí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń wá: ìrẹsì láti Ṣíánà kọ́, láti Tàílándì àti Íńdíà, adìyẹ dídì láti Yúróòpù àti Bràsíílì, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ré kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ibẹ̀ kà á léèwọ̀. Owó oṣù tí ó fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ara ẹrù wọ̀nyẹn ni ó ti ń jáde. Ó ní kí a kọ èyí síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa jókòó sí òkè tí a ń dá ìlú lẹ́jọ́.

Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Kútọnu rí i pé obìnrin ni ó sanra jù, ju ọkùnrin lọ fíìfíì, àti pé ìlú ńlá ju abúlé lọ. Kò yà wá lẹ́nu. Ní gbogbo àgbáyé, àjọ OMS ní ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù kan ni ó ń gbé pẹ̀lú ìsanrajù ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú mẹ́jọ.

Ní ọdún 2014, àbúrò ìyá wa kan wá láti Ṣábẹ. Kò mọ ìwé, kò sì gbọ́ Faransé kan. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wú mú, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ara yín ó fúyẹ́.» Kí ara fúyẹ́! Ọ̀rọ̀ tí a ń fi ṣàdúrà fún aláìsàn, tí a ń sọ nígbà tí ibà bá lọ. Ìyá wa mi orí. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà ní òwúrọ̀, ó dá *sucrerie* dúró, ó gbà kí a mú òun lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ní oṣù mẹ́sàn-án, kílò mọ́kànlá ti bọ́ lára rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í léèrè, ó ń dáhùn pé ara òun fúyẹ́. Ọdún márùn-ún ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ tiwa àti ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ní ọdún márùn-ún kì í padà bọ̀ sípò ní oṣù mẹ́sàn-án. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń ká aṣọ lọ́wọ́.

Àkọ́bí wa ti ń kó ọ̀rọ̀ ìṣègùn jọ láti ìgbà náà, Faransé ní apá kan, Yorùbá ní apá kejì, a sì ti bẹ ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn yìí pé kí wọn fi àyè sílẹ̀ fún un. *Maigrir* wà ní ojú ewé kìíní. A ti pa «rírù» rẹ́ níbẹ̀.

Ìyá àgbà kú ní 2019. Òkú àgbà ni. Ilù dún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tí ó ti pẹ́ tí ó ti rí wa wá láti Pọ́bẹ̀, ó di àbíkẹ́yìn wa mú ní apá méjèèjì, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní: «Ẹ mà ti sanra o! Ẹ ti jọ ìyá yín!» Àbíkẹ́yìn wa ti dáhùn pé «A dúpẹ́, Ìyá», kí ó tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí a padà dé Àjàṣẹ́, ó lọ gun ìwọ̀n. Kílò 83 ni.